Ẹ̀rù Ohun tí A Kò Rí

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n ń ka ìwé yìí lóṣooṣù ti bi wá léèrè, bí ẹni ń ṣe ẹ̀fẹ̀, bí ẹni ń sọ òótọ́, pé kí ni àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí ó sì ń gun àga ìwàásù, ń wá nídìí àwòrán sinimá tí ń dẹ́rù ba ni. Wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lóru Sátidé. Ìbéèrè náà kò bí wa nínú. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé ó yẹ ní ìdáhùn gbọọrọ, nítorí ọ̀ràn kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó kan àwa ènìyàn dúdú ju bí àwọn abéèrè ti rò lọ.

Kí a kọ́kọ́ ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàngbò. Kì í ṣe àwọn àwòrán tí a ti ń dúńbú ènìyàn bí àgbò iléyá ni à ń sọ. Ìwọ̀nyẹn kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú wa, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lè lọ sí ọjà ẹran. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ni àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọn kò ní àwọ̀ ju dúdú òun funfun lọ, tí a ṣe láàárín ọdún 1922 sí nǹkan bí ọdún 1963, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí a kì í sábà rí ohun tí à ń bẹ̀rù.

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àwọn tí wọ́n ṣe àwọn àwòrán wọ̀nyí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé wọn lé. Ní ọdún 1922, F. W. Murnau, ará Jámánì, ṣe àwòrán kan tí ó pè ní Nosferatu, ìtàn òkú ìjòyè kan tí ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Opó Bram Stoker, ẹni tí ó kọ ìwé Dracula, pe àwọn tí ó ṣe é lẹ́jọ́ nítorí pé wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1925 pé kí a pa gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ run. Díẹ̀ ni ó yọ, òun ni a sì ń rí wò títí di òní. Nígbà tí òkú náà ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá obìnrin tí yóò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Murnau kò fi ara rẹ̀ hàn wá. Òjìji rẹ̀ nìkan ni a rí lára ògiri: ẹ̀yìn tí ó tẹ̀, èékánná tí ó gùn ṣóńṣó bí ẹ̀gún, apá tí ń nà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ya àwòrán náà, síbẹ̀ ẹni tí ó bá wò ó lóru ní òun nìkan yóò bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì, lójú tiwa, ni Val Lewton. Ìlú Yalta, ní etí Òkun Dúdú, ni a ti bí i ní 1904. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un dé Amẹ́ríkà. Ní 1942, ilé-iṣẹ́ sinimá RKO, tí ó ti pàdánù owó nídìí iṣẹ́ ńláńlá tí Orson Welles ṣe fún un, fi Lewton ṣe olórí ẹ̀ka kékeré kan tí yóò máa ṣe àwòrán ẹlẹ́rù tí kò náni lówó. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fún un. Owó àwòrán kan kò gbọdọ̀ ju 150,000 dọ́là lọ. Kò gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú 75 lọ. Àwọn ọ̀gá ni yóò sì máa mú orúkọ àwòrán wá, òun yóò wá lọ wá ìtàn tí ó bá orúkọ náà mu. Ẹ gbọ́ irú èyí ná! Ó dà bí ìgbà tí a sọ ọmọ lórúkọ kí a tó fẹ́ ìyàwó fún baba rẹ̀. Lewton gba orúkọ, ó gba owó kékeré náà, láàárín 1942 sí 1946 ó sì ṣe àwòrán ẹlẹ́rù mẹ́sàn-án tí àwọn olówó kò lè ṣe irú wọn. Nítorí pé kò ní owó tí yóò fi kọ́ ilé tuntun, àtẹ̀gùn ilé tí Welles ti lò nínú The Magnificent Ambersons ni ó tún lò. Nítorí pé kò ní owó tí yóò fi ṣe abàmì ẹranko, ó pa iná.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Cat People, tí Jacques Tourneur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, darí. Obìnrin kan tí ó wá láti Serbia, Irena ni orúkọ rẹ̀, gbàgbọ́ pé òun jẹ́ ìran àwọn tí ń di ẹkùn bí owú tàbí ìfẹ́ bá ru wọ́n sókè. Lóru ọjọ́ kan, ó tẹ̀lé obìnrin mìíràn tí ọkọ rẹ̀ ń fojú rere wò. Ọ̀nà kan lẹ́bàá ọgbà ìlú New York ni wọ́n ń gbà. Àtùpà ìgboro wà níbí, òkùnkùn wà lọ́hùn-ún, àtùpà, òkùnkùn. Ìró bàtà méjì ni à ń gbọ́, ti ẹni iwájú àti ti ẹni ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ìró kan dákẹ́. Bàtà ẹni iwájú nìkan ni ó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yára, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun kan sì dún ṣàà bí ìgbà tí ẹkùn bá fẹ́ fò mọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì ni ó dé tí ó sì dúró. A kò rí ẹkùn kankan. Nígbà tí ó yá ni a rí àwọn àgùntàn tí a ti pa, tí ìtẹ̀ ẹsẹ̀ ẹranko sì wà nínú ẹrẹ̀, èyí tí ó di ìtẹ̀ bàtà obìnrin bí ó ti ń lọ. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi agbára mú wọn kí ẹkùn fara hàn gbangba lápá kan nínú àwòrán náà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù sì ti dín kù jù lọ.

Ibi tí ó wọ̀ wá lára jù ni ìran kan nínú The Leopard Man, tí àwọn méjì kan náà ṣe ní 1943. Ẹkùn dúdú kan já mọ́ àwọn onísinimá—ẹ jọ̀wọ́, mọ́ àwọn eléré orí-ìtàgé ni a fẹ́ wí—ní ìlú kékeré kan ní New Mexico. Ìyá kan rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ ra ìyẹ̀fun àgbàdo lálẹ́ fún oúnjẹ baba rẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ̀rù ń ba òun. Ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni, ó tì í jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní ilé wa gbogbo ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà lọ, ó gba abẹ́ afárá rélùwéè kọjá, ó ra ìyẹ̀fun rẹ̀, ó ń bọ̀. Lábẹ́ afárá náà ó rí ojú méjì tí ń tàn. Ó sáré. Láti ìgbà náà, a kò sí lóde pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, inú ilé ni a wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń kanlẹ̀kùn, tí ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bínú, ó rò pé ẹ̀tàn ni. Nígbà tí igbe yí padà tí ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni, irin tí ó fi ti ilẹ̀kùn há, kò ṣí. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń ṣàn lọ́ràá lórí ilẹ̀.

A kò rí ẹkùn. A kò rí ikú ọmọ náà. Ìyá kan àti ilẹ̀kùn ni a rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn a fi ìran yìí han àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́, nínú ẹ̀kọ́ kan lórí bí a ti ń sọ ìtàn fún ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyá ọmọ, dìde, ó jáde. Nígbà tí ó padà wọlé, ohun tí ó wí ni pé kì í ṣe ẹranko ni ó ba òun lẹ́rù, bí kò ṣe irin ilẹ̀kùn.

Bí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe mọ èyí tó, ó yani lẹ́nu bí àwọn olówó wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ní 1957 Tourneur tún ṣe Night of the Demon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ rere ni, ìtàn bébà kékeré kan tí a kọ ègún sí, tí ẹni tí a bá fi lé lọ́wọ́ yóò kú ní ọjọ́ tí a dá fún un. Wọ́n gbé ère ànjọ̀nú ńlá kan wọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí Tourneur kò fẹ́, gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ àti igi òun èéfín ti ṣe dáradára ni ère náà sì bà jẹ́. Robert Wise, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Lewton, kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú The Haunting ní 1963. Ohun kan ń lu ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pa ọwọ́ ilẹ̀kùn yí, ilẹ̀kùn pákó náà sì wú bí ìgbà tí ènìyàn ń mí. Títí àwòrán fi parí, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ìtàn kan náà ṣe ní 1999, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo iwin inú ilé náà hàn kedere. A wò ó títí dé òpin, oorun sì ni ó ń kùn wá.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Abàmì tí a bá fi hàn wá kò lè ju bí a ti rí i lọ: ó ga tó báyìí, eyín rẹ̀ tó báyìí, bí ó bá yá ojú wa á mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò fi hàn, inú wa ni à ń mú un jáde. Olúkúlùkù ń yà á pẹ̀lú ohun tí òun nìkan mọ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni méjì tí wọ́n jókòó lórí àga kan kì í bẹ̀rù nǹkan kan náà. Àwọn baba wa tí wọ́n dá Orò sílẹ̀ kò ṣaláìmọ èyí, nítorí wọ́n jẹ́ kí ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí gbogbo ìlú rí i. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ mọ ohun tí ń bẹ níbẹ̀, a kò ní kí ẹ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni D. O. Fagunwa, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, to àwọn iwin àti ẹbọra jọ ní onírúurú nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, tí ó sì ṣàpèjúwe wọn dé èékánná. Ẹni tí ó bá ní èyí tako ohun tí à ń wí, kí ó rántí pé ọ̀rọ̀ ni Fagunwa fi yà wọ́n, iṣẹ́ rírí wọn kù sọ́wọ́ òǹkàwé.

Ibí ni a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá wa rò ó. Bí ó bá jẹ́ pé olùwòran ni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tí ó wà nínú òkùnkùn, a jẹ́ pé ohun tí a ti kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù ni yóò yà. Ta ni a ti kọ́ olùwòran Amẹ́ríkà ní ayé ìgbà náà láti máa bẹ̀rù? Ojú ta ni ó wà nínú òkùnkùn yẹn?

Láti 1915 títí di 1934, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n gba ìlú Haiti. Ní 1929, W. B. Seabrook tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní sọ́ńbì níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àkúdàáyà ni. Àkúdàáyà kú ní ìlú kan, ó lọ ń jẹ ayé tirẹ̀ ní ìlú mìíràn, a fẹ́ aya, a bímọ. Sọ́ńbì kò ní ayé tirẹ̀; òkú tí a jí dìde ni, tí a gba èrò inú rẹ̀, tí a sì fi sí oko ìrèké kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó jí i. Àwọn ará Haiti kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù pé sọ́ńbì yóò pa àwọn. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni kí a sọ àwọn fúnra wọn di ọ̀kan. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti rí: ìran tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, ẹ̀rù tí ó kù sí wọn lọ́kàn ni pé kí ikú pàápàá má lè gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ oko. Ìbànújẹ́ tí ó tóbi tó báyìí ni àwọn onísinimá mú tí wọ́n fi ṣe eré. Nínú White Zombie, tí ó jáde ní 1932, ìran ilé-iṣẹ́ ṣúgà kan wà tí àwọn òkú ń yí ẹ̀rọ rẹ̀; ọ̀kan ṣubú sínú ẹ̀rọ, àwọn yòókù ń yí i lọ láìbojú wò. Fún ìṣẹ́jú méjì yẹn, àwòrán náà sọ òtítọ́ nípa oko ẹrú, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí ọ̀rọ̀ omidan funfun tí a gbọ́dọ̀ gbà sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá RKO fún Lewton ní orúkọ I Walked with a Zombie ní 1943, ohun tí a ìbá retí ni òmíràn nínú irú èyí. Ohun tí ó ṣe yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì kan láti Kánádà wá sí erékùṣù kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Indies láti tọ́jú aya olóko ìrèké, tí ń rìn kiri láìsọ̀rọ̀, láìmọ ènìyàn. Kí nọ́ọ̀sì náà tó dé ilé, ọkùnrin dúdú tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ ti sọ fún un bí ọkọ̀ ńlá kan ṣe kó àwọn baba àti àwọn ìyá wọn wá, tí a fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì náà fèsì pé ibi tí wọ́n kó wọn wá náà lẹ́wà. Ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ gbà á bí ó ti wí i, kò jiyàn. Ère tí ó wà ní iwájú ọkọ̀ ẹrú náà ni ó dúró nínú àgbàlá ilé olóko, omi ń kán lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. A sì gbọ́ pé ní erékùṣù yẹn, láti ayé ẹrú, wọ́n a máa sunkún bí a bá bí ọmọ, wọ́n a máa yọ̀ bí a bá ń sin òkú. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n sanwó wọlé láti rí òkú tí ń rìn ni ó retí láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Lóru, nọ́ọ̀sì náà fa aláìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ gba inú oko ìrèké lọ sí ibi ìjọsìn àwọn ènìyàn dúdú, bóyá wọn yóò lè wò ó sàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ewé ìrèké, ìlù ń dún lókèèrè, aṣọ funfun àwọn obìnrin méjèèjì ń yọ, ó ń pamọ́. Wọ́n kan òkú ewúrẹ́ tí a so rọ̀, wọ́n kan agbárí. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Ọkùnrin gíga, dúdú, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tí kò ṣẹ́jú, ó dúró láìmira. Carrefour ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè Faransé, oríta ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò nílò pé kí a sọ fún yín ẹni tí a ń bá pàdé ní oríta. Àwọn tí a kó lọ sí Haiti láti Dahomey àti láti ilẹ̀ wa kò lọ lọ́wọ́ òfo: Legba tí ń ṣí ọ̀nà níbẹ̀, Ẹlẹ́gbára tiwa ni, wọ́n ní agbo kan tí wọ́n ń pè ní Nago, Ògún sì ni olórí rẹ̀, Ogou ni wọ́n ń pè é. Àwa jẹ́ oníwàásù, a kò sì bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí Carrefour nínú ìrèké, ẹ̀rù bà wá gẹ́gẹ́ bí Tourneur ti fẹ́, lẹ́yìn náà a sì bi ara wa pé, kí ni à ń sá fún? Ọmọ ìyá wa ni.

Àríwísí wa sí àwòrán náà nìyí, kò sì kéré. Darby Jones, tí ó ṣe Carrefour, kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbogbo òkùnkùn inú àwòrán náà ni a fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe, ó sì dára; ṣùgbọ́n ìdílé olóko ní ìdajì tí a rí àti ìdajì tí a kò rí, nígbà tí Carrefour jẹ́ kìkì ohun tí a kò rí. Ẹni tí a kò bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ rárá kì í ṣe ẹni tí a bo àṣírí rẹ̀. Ohun èlò ni a fi í ṣe.

Síbẹ̀ a kò ní ṣàì fi ìyìn fún ibi tí ìyìn tọ́ sí. Bí ìtàn náà ti ń lọ, ó hàn pé ìdílé olóko gan-an ni ìdibàjẹ́ ti wá: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jìjàdù obìnrin kan, ìyá wọn sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni òun lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí a sọ obìnrin náà di sọ́ńbì. Ẹni tí ó tú àṣírí náà síta kì í ṣe ọlọ́pàá, olórin dúdú kan ni, Sir Lancelot, ọmọ Trinidad, tí ó fi orin pa òwe mọ́ ìdílé náà ní gbangba ìgboro, bí àwọn ènìyàn wa ti í kọrin bú ọlọ́lá ní ọjọ́ Òkè-Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò lè mú wọn. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́sàn-án, ó tọrọ àforíjì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tún bọ̀ láti inú òjìji, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ nọ́ọ̀sì náà, ó ń kọ ìyókù orin náà, kò sì tọrọ àforíjì mọ́. Nínú gbogbo àwòrán ẹlẹ́rù tí a ti wò, ìyẹn ni ibi tí ọ̀kan nínú wa ti dúró nínú òkùnkùn tí ẹ̀rù sì tọ́ kí ó ba àwọn tí ó ń kọrin sí.

Lewton kú ní 1951, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kò sí ohun tí ó ṣe tí ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta tí ó ní kámẹ́rà lónìí kò lè ṣe: ilẹ̀kùn kan, àtùpà kan, ìró bàtà, àti sùúrù. Ó sì ní ohun tí Lewton kò ní, nítorí ó mọ orúkọ ẹni tí ó dúró ní oríta, ó sì lè jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n bi wá léèrè, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi Cat People ṣe àkọ́kọ́, kí wọ́n tó wo The Leopard Man. Kí wọ́n fi I Walked with a Zombie ṣe ìkẹta, ìṣẹ́jú 69 péré ni. Kí wọ́n pa iná yàrá, kí wọ́n má sì ṣe wò ó ní àwọn nìkan bí ọkàn wọn kò bá gbé e.